Ta ló já wa kulẹ̀ jù ní Calgary Flames? Ẹ wá sọ tinú yín

Oníṣẹ́Alẹ́
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, pàápàá ẹ̀yin tá a jọ ń jìyà Flames, ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín wa, ní Calgary ní Kánádà níbí. Lóru àná mo wà níbi iṣẹ́, èmi nìkan nínú ilé gogoro ọ́fíìsì kan, kò sẹ́lòmíì àfi hítà tó ń hó bí ìkòkò ẹ̀wà, mo wá ń wo fídíò máàṣì àtijọ́ lórí fóònù kí oorun má bàa gbé mi lọ. Ni mo bá bi ara mi pé nínú gbogbo àwọn tó ti wọ jẹ́sì pupa yìí, ta gan-an ló já wa kulẹ̀ jù?

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi kẹ́ ẹ tó máa ju òkò. 2021 ni mo dé ìlú yìí. Mi ò mọ họ́kì rí láyé mi, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ló ní kí n wá jókòó ká jọ wò ó. Sísìn 2021-22 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ẹ sì wo bí wọ́n ṣe tàn mí: ẹgbẹ́ wa ní póìǹtì 111 lórí tábìlì, ipò kìíní ní ìsọ̀rí Pacific wa, Johnny Gaudreau ní póìǹtì 115, Matthew Tkachuk ní 104, Elias Lindholm gbá góòlù 42. Èmi rò pé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún nìyẹn! Ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún 2022, máàṣì keje pẹ̀lú Dallas ní pléyọ́ọ̀fù (ìdíje ìparí sísìn, ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ mẹ́rin nínú máàṣì méje ló ń kọjá), aṣọ́lé wọn Oettinger ti gbá 64 dànù, ẹ gbọ́, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ọmọ náà kàn dúró síbẹ̀ bí ìlẹ̀kùn báńkì. A wọ ẹ́sítírà, Gaudreau bá ta ọ̀kan láti igun tóóró kan báyìí, ó gba òkè èjìká ẹ̀ wọlé. Mo pariwo títí aládùúgbò mi fi ń kan ògiri.

Kí oṣù keje tó parí Gaudreau ti gba Columbus lọ, Tkachuk ní òun ò ní buwọ́ lùwé ọlọ́jọ́ gbọọrọ, wọ́n bá fi í ṣọwọ́ sí Florida. Ẹni tá a gbà dípò ẹ̀ ni Jonathan Huberdeau, òun náà ní póìǹtì 115 lọ́dún yẹn, mo ní ẹ̀hẹn, pàṣípààrọ̀ gidi rèé. Ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ní 55. Póìǹtì 60 pòórá bí iyọ̀ nínú omi, nínú gbogbo ìtàn NHL, líìgì họ́kì wa, kò tíì sẹ́ni tó já wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti sísìn kan sí ìkejì. Mo ti dìbò tèmi. Huberdeau. Ẹ̀yin ńkọ́?

ỌmọEdmonton
Mo ń gbọ́ ẹkún yín títí dé ọ̀dọ̀ àwa tá à ń ti Oilers lẹ́yìn ní Edmonton níbí 😂 Mo ti ra gúgúrú, ẹ máa bá a lọ.

Bọ̀dáPeckham
Ẹ dákun ẹ má bínú sí mi, Arsenal lèmi ń wò ní tèmi, ìyẹn náà ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí torí pé mo mọ ohun tí ìjákulẹ̀ ń jẹ́. Àmọ́ họ́kì tí mo mọ̀ nílé ni èyí táwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ń fi igi gbá lórí koríko. Báwo lẹnì kan ṣe máa ní 115 ní sísìn kan, ṣé góòlù 115 ni? Tó bá rí bẹ́ẹ̀ ẹ ní kó wá sí London.

OníṣiròOwó
@Bọ̀dáPeckham, ti orí yìnyín la ń sọ sà. Èèyàn 5 àti aṣọ́lé kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n wọ bàtà onírin, rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní pọ́ọ̀kì ni wọ́n ń fi igi gbá. Tẹ́ ẹ bá gbá a wọlé, póìǹtì kan. Tẹ́ ẹ bá gbé e fẹ́ni tó gbá a wọlé, póìǹtì kan náà ni. Góòlù 30 àti àsísìtì 85 ló di 115 tí Huberdeau ní ní Florida.

Nǹkan tó ń dun àwa tá à ń ṣírò wá nìyí. Òwò tibí ò dà bíi ti bọ́ọ̀lù yín tí olówó kan máa kàn kó owó epo rọ̀bì dà sílẹ̀. Ààlà wà fún owó tí tíìmù lè ná sórí àwọn agbábọ́ọ̀lù, ní sísìn 2023-24 mílíọ̀nù 83.5 dọ́là ni. Huberdeau buwọ́ lùwé ọdún 8, mílíọ̀nù 84, ìyẹn 10.5 lọ́dọọdún. Ẹ pín in kẹ́ ẹ wò ó: ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́jọ gbogbo owó ìkòkò ọbẹ̀ tẹ́nì kan ṣoṣo gbé jẹ, èèyàn bí ogún sì ń dúró de èyí tó kù. Ìwé yẹn ò sì tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún tó ní 55, owó àtijọ́ ló ṣì ń gbà nígbà yẹn! Ọdún tí owó ńlá wá bẹ̀rẹ̀, 52 ló ní.

Bọ̀dáPeckham
Haa. Ó ti yé mi. Nicolas Pépé nìyẹn. Mílíọ̀nù 72 pọ́n-ùn ní 2019. Ẹ bá mi bu omi tútù.

BàbáKékeré
Ẹ kú ìjókòó o ẹ̀yin ọmọ. Oníṣẹ́Alẹ́ àbúrò mi, mi ò bá ẹ jà, ṣùgbọ́n ẹni tó dé ní 2021 tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ìjákulẹ̀ Flames, àlejò tó wọlé lálẹ́ àná ni, kò tíì mọ ẹni tó kú nínú ilé.

2003 ni mo dé. Wíńtà àkọ́kọ́ mi, mò ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ kan nítòsí 17 Avenue, ọwọ́ mi bó. Ọkùnrin òyìnbó tá a jọ ń fọ abọ́ ló bi mí pé orílẹ̀-èdè wo ni mo ti wá, mo ní Nàìjíríà, ló bá pariwo, “Iginla!” Mo ní kí ló dé? Ó fi mí hàn nínú ìwé ìròyìn. Ọkùnrin dúdú, káptéènì, orúkọ sì wà lẹ́yìn ẹ̀ gàdàgbà: IGINLA. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní ẹ̀yin èèyàn yìí, ṣé ẹ mọ̀ pé Igi ńlá lẹ̀ ń pe ọkùnrin yìí? Wọn ò mọ̀! Wọ́n ń pè é bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ Ítálì. Bàbá ẹ̀ láti Èkó ni, Adékúnlé lorúkọ ẹ̀ kó tó di Elvis nígbà tó dé Kánádà, wọ́n sì fi Adékúnlé yẹn kún orúkọ ọmọ. Ọmọ Igi ńlá wá ń fi igi jẹun lórí yìnyín, ẹ ò rí iṣẹ́ Ọlọ́run.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, 2004, a dé àṣekágbá Stanley Cup, ife tó ga jù ní NHL, àwa àti Tampa Bay. Ẹ̀yin ọmọ òde òní ò lè mọ bí 17 Avenue ṣe rí. Pupa, pupa, pupa. Máàṣì karùn-ún ní Tampa, ẹ́sítírà, àṣíborí Iginla ti jábọ́, orí ìhòòhò ló fi ń sáré tó ń fi ara gbún èèyàn, pọ́ọ̀kì tó ta ni Saprykin tiwa gbá padà wọlé. A kù máàṣì kan. Ẹyọ kan péré. Máàṣì kẹfà nílé wa, ẹ́sítírà kejì, ta ló wá gbá a sí wa nílé? Martin St. Louis. Tiwa tẹ́lẹ̀ ni St. Louis o! Flames yìí ló jẹ́ kó lọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2000 torí pé ó kúrú. A pàdánù máàṣì keje 2-1, ilé sì dákẹ́. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá bi mí, kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù ni mo máa dìbò fún, ẹni tó ní kí ọkùnrin yẹn máa lọ ni.

Oníṣẹ́Alẹ́
Bàbá ẹ má gbé e gba ibẹ̀ yẹn jàre 😩 agbábọ́ọ̀lù la ní ká mú. Ẹ dárúkọ ẹnì kan.

OníṣiròOwó
Èmi máa dárúkọ. James Neal.

Ẹ jẹ́ ká lo òṣùwọ̀n kan: kí ló ṣe kó tó dé, kí ló ṣe nígbà tó dé? Sísìn 10 ni Neal fi ṣiṣẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kò sí ọ̀kan tí kò ti gbá 20 góòlù ó kéré tán. Ní 2018 a fún un ní ọdún 5, mílíọ̀nù 28.75. Góòlù mélòó ló gbá? 7. Nínú máàṣì 63. Nígbà tó dé pléyọ́ọ̀fù pẹ̀lú Colorado, máàṣì tá a fi jáde gan-an, kóòṣì ní kó wọ kóòtù kó lọ jókòó sókè. Huberdeau ṣì ń gbé pọ́ọ̀kì fúnni ní tiẹ̀, 28 góòlù ló gbá ní 2024-25, ó tún ti ń sáré padà wá dáàbò bo ilé bí ọmọlúàbí. Neal yìí ńkọ́, iná kú pátápátá ni.

ỌmọEdmonton
James Neal? Tẹ́ ẹ fún WA? Tó dé ọ̀dọ̀ wa, tó gbá góòlù 4 ní máàṣì kan ṣoṣo lóṣù kẹwàá 2019? 😂😂😂 ẹ fi Neal gba Milan Lucic, kí n tó gbàgbé ẹ ṣeun o.

OníṣiròOwó
Ẹ̀yin náà ṣebí owó lẹ fi lé e lọ ní 2021. Ẹ ra ìyókù kọ́ntíráàtì ẹ̀ kó ṣáà lè kúrò nílé. Máa jẹ gúgúrú ẹ.

ỌmọEdmonton
Ìyẹn ò sọ pé kó má gbá 4 yẹn.

Ẹ tiẹ̀ gbọ́, kí ló dé tẹ́nì kankan ò dárúkọ Markstrom aṣọ́lé yín? Àbí ẹ ti gbàgbé oṣù karùn-ún 2022? Ẹ lu Dallas tán ẹ ní ẹ ń bọ̀ wá bá wa. Máàṣì àkọ́kọ́ ẹ nà wá 9-6, ẹ jó, ẹ fọn fèrè. Mẹ́rin tó tẹ̀ lé e ńkọ́? Góòlù 25 la gbá sí yín ní máàṣì 5. 25! Ọkùnrin tí wọ́n ní ó ṣe ipò kejì nínú gbogbo aṣọ́lé lọ́dún yẹn, tó ti sé ilé pa pátápátá lẹ́ẹ̀mẹsàn-án nínú sísìn, ó dé iwájú McDavid ìràwọ̀ wa ó di àwọ̀n ẹja.

Oníṣẹ́Alẹ́
Góòlù Coleman tiwa tí wọ́n fagi lé ní máàṣì karùn-ún yẹn pé ó fẹsẹ̀ gbá a, ó wọlé, mi ò gbà, kò fẹsẹ̀ gbá a.

ỌmọEdmonton
Ó fẹsẹ̀ gbá a.

Oníṣẹ́Alẹ́
Kò fẹsẹ̀ gbá a!!

BàbáKékeré
Ẹ fi Coleman sílẹ̀. Ní 2004 náà, máàṣì kẹfà, pọ́ọ̀kì kan ta sí ẹsẹ̀ Gelinas tiwa, gbogbo wa nílùú yìí la rí i pé ó kọjá ìlà, wọn ò fún wa. Tá a bá bẹ̀rẹ̀ irú ẹjọ́ yẹn ilẹ̀ á mọ́.

ÌyáÌbejì_NE
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o ẹ̀yin ọkùnrin. Mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń se ọbẹ̀, ọbẹ̀ ti fẹ́ jó.

Ẹ ò tíì rí ìjákulẹ̀. Èmi nìyá àwọn ọmọkùnrin ìbejì tó ń gbá họ́kì, ẹ̀yin òbí ẹlẹ́gbẹ́ mi ẹ mọ̀: aago mẹ́fà àárọ̀ lórí ijókòó irin tó tutù débi pé ìdí èèyàn á kú tipiri, òórùn báàgì họ́kì nínú mọ́tò tó dà bí ògìrì tí wọ́n gbàgbé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èmi ni mo máa so okùn bàtà mẹ́rin, mẹ́rin! títí àtàǹpàkò á fi yọ. Kérésì 2021 ni mo bọ́ owó sílẹ̀, mo ra jẹ́sì ojúlówó méjì, kì í ṣe ayédèrú. Táíwò ní òun fẹ́ Tkachuk, 19. Kẹ́hìndé ní òun fẹ́ Gaudreau, 13. Inú àwọn ọmọ dùn, wọ́n fi sùn.

Ọjọ́ 13 oṣù keje 2022, Gaudreau lọ. Ọjọ́ 22 oṣù keje, Tkachuk lọ.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Jẹ́sì méjèèjì. Táíwò bọ́ tiẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ó ní kí n mú un padà sí ṣọ́ọ̀bù. Nítorí náà ẹ máa ṣírò mílíọ̀nù yín lọ, èmi ní rìsíìtì tèmi lọ́wọ́. Ìbò mi wà fún àwọn méjèèjì, ẹ pín in sí méjì.

OníṣiròOwó
Àǹtí wa 😂😂 ọjọ́ mẹ́sàn-án!

Oníṣẹ́Alẹ́
Ẹ kú ìnáwó mà. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, mà, ti Gaudreau yẹn... olóògbé ni. Èmi mọ̀ọ́mọ̀ ò dárúkọ ẹ̀ sínú ìbò ni. Ó dùn mí nígbà tó lọ, mo bú u gan-an, mi ò ní purọ́. Ìgbà tí mo wá gbọ́ ìròyìn lóṣù kẹjọ 2024 pé mọ́tò pa òun àti àbúrò ẹ̀ Matthew lórí kẹ̀kẹ́, nígbà tí ìgbéyàwó àbúrò wọn obìnrin ku ọ̀la, gbogbo èébú tí mo bú wá ń padà bọ̀ lọ́kàn mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

ÌyáÌbejì_NE
Mo gbọ́ ẹ, àbúrò mi. Mi ò sọ ọ́ láti fi bú òkú. Jẹ́ n parí ìtàn ni.

Kẹ́hìndé ò bọ́ 13 tiẹ̀ sílẹ̀ rárá. Gbogbo ìgbà tí Gaudreau fi wà ní Columbus ló ń wọ̀ ọ́, táwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bá ní ọ̀dàlẹ̀ ló wọ̀ sọ́rùn á ní kò kàn yín. Nígbà táwọn èèyàn ń lọ kó òdòdó síwájú Saddledome, ilé tí Flames ti ń gbá, lóṣù kẹsàn-án 2024, ó ní ká lọ. A dé ibẹ̀, àtẹ̀gùn yẹn kún, òdòdó, igi họ́kì, ìwé àwọn ọmọ kéékèèké, àti Gatorade aláwọ̀ àlùkò, ìgò lórí ìgò, torí òun ló fẹ́ràn láti máa mu. Kẹ́hìndé náà ti ra tiẹ̀ lọ́nà, owó ara ẹ̀ ló fi rà á. Jẹ́sì yẹn ti kéré sí i, ọwọ́ ẹ̀ ò dé ọrùn ọwọ́ mọ́, ó ń fà á wálẹ̀ ṣáá. Ó gbé ìgò sílẹ̀, ó yí i kí orúkọ iwájú ẹ̀ kọjú síta, kò sọ nǹkan kan. Wíwálé wa nínú mọ́tò ló bi mí pé, Mọ́mì, ṣé ó mọ̀ pé inú ò bí mi?

Ẹ yọ ìbò Gaudreau kúrò. Ẹ fún Tkachuk ní odindi.

BàbáKékeré
Ọlọ́run á dá Kẹ́hìndé sí fún ẹ. Ọmọ tó ní làákàyè nìyẹn.

Bọ̀dáPeckham
Mo kàn wá ṣeré ni o, ẹ ti mú mi sunkún níbi iṣẹ́.

OníṣiròOwó
Àmín o. ... Ó dáa, Tkachuk. Èmi ò tiẹ̀ gbà pé Tkachuk já wa kulẹ̀. Ó sọ tẹnu ẹ̀ kó tó lọ, ó jẹ́ ká rí nǹkan gbà lọ́wọ́ Florida: Huberdeau, Weegar, Schwindt àti ipò dráfútì ìpele kìíní kan (dráfútì ni wọ́n ti ń yan àwọn ọ̀dọ́ tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan). Ẹni tó fẹ́ kúrò tó sọ fún ẹ kó tó kúrò, kí lo tún fẹ́ kó ṣe? Pé ó wá gba Stanley Cup ní 2024, ó tún gbà á ní 2025, ìyẹn ń ta ni lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ata ọlọ́ja ni.

Sam Bennett lèmi ò mọ bí mo ṣe máa pè é. Ipò kẹrin ní dráfútì 2014, ọmọ tí kò lè fa ara ẹ̀ sókè lórí irin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbi ìdánwò ara wọn, gbogbo ayé fi rẹ́rìn-ín. Oṣù kìíní 2016 ó gbá 4 ní máàṣì kan, ó sì wá jẹ́ pé Florida gan-an ló gbá a sí. A ní a ti rí ọba. Lẹ́yìn náà, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ọdún márùn-ún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. A fi gba ipò ìpele kejì kan àti ọmọ kan lóṣù kẹrin 2021, ó dé Florida ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bíi pé wọ́n tú okùn lẹ́sẹ̀ ẹ̀. 2025, góòlù 15 ní pléyọ́ọ̀fù, òun ni wọ́n fún ní Conn Smythe, ẹni tó dára jù nínú gbogbo wọn.

BàbáKékeré
Ọmọ tó yàgò lọ́dọ̀ rẹ tó wá di olówó lọ́dọ̀ ẹlòmíì, ìwọ lo lẹ́jọ́ dá, kì í ṣe ọmọ. Ìyẹn ni mò ń sọ láti àárọ̀ nípa St. Louis. Àwa la já Bennett kulẹ̀.

Mo tún fẹ́ fi kan kún un tí kò sẹ́ni tó dárúkọ. Akim Aliu. Okene ni wọ́n ti bí i, bàbá ẹ̀ ọmọ Nàìjíríà, ìyá ẹ̀ ọmọ Ukraine, wọ́n gbé e lọ Kyiv kí wọ́n tó dé Toronto. Máàṣì 7 péré ló gbá fún Flames. Ó tó ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, 2019, kó tó la ẹnu pé Bill Peters tó jẹ́ kóòṣì òun ní Rockford ti fi àwọ̀ òun bú òun nínú yàrá ìmúra. Peters yẹn ló sì ń kọ́ Flames wa nígbà náà! Ó tọrọ àforíjì, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ṣáájú kóṣù náà tó parí. Èmi ti jókòó sí Saddledome pẹ̀lú ọmọ mi, mo ti pàtẹ́wọ́ fún ọkùnrin yẹn. Nínú gbogbo àwọn tẹ́ ẹ ń kà yìí, ti Peters yẹn ló wọ̀ mí lára jù, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹ ní agbábọ́ọ̀lù.

Oníṣẹ́Alẹ́
Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bàbá, èmi máa ka ti kóòṣì sọ́tọ̀.

ỌmọEdmonton
Lórí ìyẹn èmi náà ò ní yẹ̀yẹ́ kankan ṣe.

OníṣiròOwó
Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìtàn ayé àtijọ́: Gary Leeman. Ọjọ́ kejì oṣù kìíní 1992, èèyàn 10 ni wọ́n pàrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú Toronto. A fún wọn ní Doug Gilmour, a gba Leeman tó ti gbá ju 50 lọ rí ní sísìn kan. Gilmour ní póìǹtì 127 ní sísìn tó tẹ̀ lé e. Leeman gbá góòlù 11 fún wa. Àpapọ̀. Títí ó fi lọ.

Àti Trevor Kidd: ní dráfútì 1990 a pàrọ̀ ipò pẹ̀lú New Jersey ká lè tètè mú aṣọ́lé yìí ní ipò 11. New Jersey padà sí ipò 20, wọ́n fara balẹ̀, wọ́n mú Martin Brodeur. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀.

Bọ̀dáPeckham
Mi ò mọ Brodeur ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe sọ ọ́ ti tó mi.

ỌmọEdmonton
Ìbéèrè kan péré kí n tó lọ sùn. Iginla tẹ́ ẹ fi ń yangàn yìí, níbo ni wọ́n ti bí i? 😏

BàbáKékeré
Dákẹ́.

ỌmọEdmonton
Edmonton. St. Albert ló ti dàgbà. Aṣọ́lé ló kọ́kọ́ ń ṣe lọ́mọdé torí Grant Fuhr, Fuhr ta ni? Fuhr ti Oilers! Igi ńlá yẹn, ilẹ̀ tiwa ló ti hù.

BàbáKékeré
Ilẹ̀ yín ló ti hù, ọ̀dọ̀ wa ló ti so èso. Góòlù 525 fún Flames. Àwa náà la sì tà á bí ẹni ta ewúrẹ́ tó yarọ, ọdún 2013, Pittsburgh fún wa ní ọmọ méjì àti ipò dráfútì kan, nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sẹ́ni tó dúró ṣe nǹkan kan níbí. Ṣé ẹ rí i pé ibi kan náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi ń padà sí.

Ọmọ ẹ̀ Tij náà ńkọ́, Utah mú un ní ipò kẹfà ní dráfútì 2024, a wà ní ipò kẹsàn-án, mo jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n mò ń ka ìka. Mẹ́ta péré ló kù.

Oníṣẹ́Alẹ́
Ó ti ń lọ sí aago mọ́kànlá, mo fẹ́ wọ iṣẹ́. Ìbò títí di báyìí: Huberdeau 1 (èmi), Neal 1, Tkachuk 1, Markstrom 1 tí mi ò mọ̀ bóyá ká ka ìbò ará Edmonton. Bàbá ò tíì dárúkọ agbábọ́ọ̀lù kankan láti ìrọ̀lẹ́. Àǹtí ÌyáÌbejì, Táíwò wá ńkọ́? Ta ló ń wọ̀ báyìí?

ÌyáÌbejì_NE
Mo ra Huberdeau fún un lọ́dún 2022 yẹn náà, jọ̀ọ́ má bi mí. Ó wọ̀ ọ́ títí di Kérésì ló bá dì í sínú báàgì.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló wá bá mi, ó ní òun ti ronú, òun fẹ́ Iginla, 12. Mo ní kí ló dé, o ò tiẹ̀ bá a láyé bọ́ọ̀lù ẹ̀. Ó ní Mọ́mì, wọ́n ti gbé jẹ́sì ẹ̀ kọ́ sókè àjà Saddledome láti 2019, ibo ló tún fẹ́ lọ?

ỌmọEdmonton
😂😂 ẹ bá mi ra ọ̀kan mọ́ ọn.